Ọkọ̀ Tí Epo Rẹ̀ Ń Jò Kò Gbọdọ̀ Sùn Nínú Àgbàlá Wa

*Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin. Bí ojú bá ń dùn yín, ẹ jẹ́ kí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ yín kà á sí yín létí.*

Ẹ̀yin ìyá wa nínú gbogbo ẹgbẹ́ ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin onílé àti ayálégbé, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà la sábà máa ń fi ránṣẹ́ síra wa níbí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo gbé wá lónìí. Ẹ má ṣe sọ pé ti àwọn mekáníìkì nìyẹn, kí ẹ wá fò ó kọjá. Ọ̀rọ̀ ìlera ni. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìntì, ohun tí mo sì fi ojú ara mi rí nínú àgbàlá tí mò ń gbé ní Ìsọlọ̀ ló ń mú mi sọ̀rọ̀.

Ìdílé mẹ́jọ la wà nínú àgbàlá yẹn, ọkọ̀ mẹ́ta ló ń sùn níbẹ̀. Nígbà òjò tó kọjá, òórùn epo bẹ̀rẹ̀ sí í kí wa láràárọ̀. Orí ń fọ́ mi, mo ní bóyá ẹ̀jẹ̀ ríru mi ló tún gbéra. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó ń sùn ní yàrá tó kọjú sí ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí ń bì, ìyá rẹ̀ ń ra oògùn ibà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi ń ra oògùn, kò sí ẹni tó tẹ̀ ba wo abẹ́ ọkọ̀. Ọjọ́ tí mo wò ó, ọṣẹ ìfọṣọ ni mo rí, wọ́n fi lẹ ìdí táńkì. Epo ń gba ẹ̀gbẹ́ ọṣẹ náà kán sílẹ̀, tó, tó, tó. Mo pe ẹni tó ni ọkọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Màmá, mekáníìkì ti bá mi dí i. Kékeré ni." Kò tó ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sí ibẹ̀ tí arábìnrin kan ti ń dín àkàrà láràárọ̀.

A ti ọkọ̀ náà jáde lọ́jọ́ náà. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí èébì ọmọ náà fi dúró, orí tèmi náà fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn, "kékeré ni," kò kúrò létí mi. Òun ni mo wá bá jà níbí.

*KÍ NI INÁ Ń MÚ GAN-AN?*

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ dàgbà sídìí sítóòfù kẹrosíìnì, ibẹ̀ gan-an ni epo bẹntiróòlù ti ń tàn yín jẹ. Kẹrosíìnì dà sílẹ̀, ẹ nù ún, ẹ sì ń dáná lọ. Bẹntiróòlù kò rí bẹ́ẹ̀. Kẹrosíìnì ní láti gbóná díẹ̀ kí ó tó tú afẹ́fẹ́ tó lè gbiná. Bẹntiróòlù ń tú u nígbà gbogbo. Bí ẹ tilẹ̀ gbé e sínú fírísà tí omi ti dì, yóò ṣì máa tú u jáde. Afẹ́fẹ́ tí ojú kò rí yìí ni iná ń mú. Bí ó bá ti lé díẹ̀ ní ìdá 1 nínú 100 afẹ́fẹ́ tó wà níbì kan, ó ti tó gbiná.

Èyí tó burú jù ni pé ó wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ. Kì í gòkè bí èéfín. Ilẹ̀ ló ń fà bí ejò. Á gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ pásèèjì, á wọ gọ́tà, á dùbúlẹ̀ sínú kòtò. Ẹ wo bí ilé wa ṣe rí ní Máfolúkù, ní Òṣòdì, ní Ìsọlọ̀: yàrá kọjú sí yàrá, sítóòfù wà nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ ń sùn lórí ẹní, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn fèrèsé. Iná kò ní láti wá bá ọkọ̀ kí ó tó jó. Epo fúnra rẹ̀ ni yóò rìn lọ bá iná níbi tó wà.

Àwa ará agbègbè yìí kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí wọ́n ń kọ́ ní ìbẹ̀rù iná. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002, nígbà tí bọ́ǹbù bú gbàmù ní bárékè ológun Ìkẹjà, àwọn èèyàn wa sá lóru láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú sínú omi kánààlì Òkè-Afà. Obìnrin àti ọmọdé ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2006, páìpù epo jó ní Abúlé-Ẹ̀gbá, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ló bá a lọ. Ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 2008, katapílà tó ń ṣe ọ̀nà ní Ìjẹ̀gùn gbá páìpù epo, iná sọ. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 2018, ọkọ̀ agbépo kan dànù ní bíríjì Ọ̀tẹ́dọlá, ọkọ̀ tó lé ní 50 ló jóná.

Ta ló kìlọ̀ fún àwọn tó sá wọ Òkè-Afà? Kò sí. Ṣùgbọ́n epo tó ń jò lábẹ́ ọkọ̀ ń kìlọ̀. Òórùn rẹ̀ ni igbe rẹ̀. Ó ń ké láàárọ̀, ó ń ké lálẹ́, àwa la ń fi ọṣẹ dí i lẹ́nu. Àwọn àgbà ní a kì í gbé iná sórí òrùlé sùn. Kí ló dé tí a fi gbé e sẹ́nu ọ̀nà sùn?

*ÀRÙN TÓ Ń BÁ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ RÌN*

Ká tilẹ̀ ní iná kò ní ṣẹ́ láéláé, òórùn epo nìkan tó ọ̀ràn. Ẹni tó bá ń fà á símú nínú ibi tó há, orí á máa fọ́ ọ, òòyì á máa kọ́ ọ, èébì á máa gbé e, ojú àti ọ̀fun á máa ta á. Ẹni tó ní àsímà á máa mí gúlegúle. Nínú bẹntiróòlù, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní benzene. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ti kà á mọ́ ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ, pàápàá jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Ó máa ń ba mùdùnmúdùn inú egungun jẹ́, níbi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á wá dín lára. Bí aboyún bá ń fà á símú, ó ń kọjá lára ìyá dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú.

N kò sọ pé ẹni tó gbóòórùn epo lẹ́ẹ̀kan nílé epo yóò kó jẹjẹrẹ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ mi dẹ́rù ba yín. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ọmọdé máa mí i sínú lóròòru, oṣù dé oṣù, nítorí pé àgbà kan ní "kékeré ni," ìwà ìkà ni.

*IRỌ́ MẸ́RIN TÍ À Ń PA FÚN ARA WA*

*Irọ́ kìíní: "Ọṣẹ ti dí i."* Mo fẹ́ ṣòótọ́ níbí. Àwọn mekáníìkì kò purọ́ tán. Epo kì í yọ́ ọṣẹ, ìdí nìyẹn tí ọṣẹ fi ń dí ojú ihò fún ìgbà díẹ̀. Bí táńkì bá lu lójú ọ̀nà márosẹ̀, ọṣẹ lè gbé ọ dé ibi tí wọ́n á ti tún un ṣe. Ṣùgbọ́n kí ló ń yọ́ ọṣẹ? Omi ni! Ìlú wo là ń gbé? Ìlú tí òjò oṣù Kẹfà ti ń sọ ọ̀nà di odò, tí mọ́tò ń wọ́dò kí ó tó délé. Ẹni tó fi ọṣẹ dí táńkì ní Ìsọlọ̀, tó sì ń gba ojú agbára kọjá, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i padà. Gọ́ọ̀mù aláwẹ́ méjì tí wọ́n ń pò pọ̀ náà kò yàtọ̀ púpọ̀. Bí ìpata bá wà lára irin, ẹ̀yìn ìpata ló lẹ̀ mọ́. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá bọ́ sí kòtò, ó ṣí nìyẹn.

*Irọ́ kejì: "Jẹ́ kí n fi ẹnu fa epo náà kúrò."* Kí a tó tú táńkì, ọmọ iṣẹ́ á ti rọ́bà bọ inú rẹ̀, á fi ẹnu fà á. Ẹ̀yin ìyá, ọmọ yín nìyẹn, ọmọ tí ẹ fi sẹ́nu iṣẹ́ kí ó lè dèèyàn. Epo tí kò tó ṣíbí kékeré kan, bí ó bá ṣì í gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, lè mú kí ẹ̀dọ̀fóró wú, kí ọmọ má lè mí mọ́. Rọ́bà onífifọwọ́tẹ̀ wà lọ́jà, kò wọ́n. Ọ̀gá tí kò lè rà á fún ọmọ iṣẹ́ kò yẹ ní ọ̀gá.

*Irọ́ kẹta: "Fún un ní epo pupa mu."* Èyí ni irọ́ tiwa, àwa obìnrin. Ọmọ mu kẹrosíìnì, epo pupa. Ọmọ mu bẹntiróòlù, epo pupa. Wọ́n á ní kó lè bì í. Ẹ dákun, ẹ jáwọ́! Inú ikùn kọ́ ni bẹntiróòlù ti ń pa èèyàn jù, inú ẹ̀dọ̀fóró ni. Bí ọmọ bá bì í, ó ń gba ọ̀nà ọ̀fun kan náà padà, ibẹ̀ ló sì ti ń yà sínú ẹ̀dọ̀fóró. Epo pupa fúnra rẹ̀ lè bá a wọlé. *Ẹ má fún un ní epo pupa. Ẹ má fún un ní mílíìkì. Ẹ má ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun.* Ẹ bọ́ aṣọ tí epo wà lára rẹ̀, ẹ fi omi àti ọṣẹ wẹ ara rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba Ìsọlọ̀ tàbí èyí tó bá súnmọ́ yín jù. Bí ara rẹ̀ bá dà bí ẹni pé ó yá, ẹ má tìtorí ẹ̀ jókòó. Ikọ́ àti èémí líle lè dé lẹ́yìn wákàtí mélòó kan.

*Irọ́ kẹrin: "Táńkì ti gbẹ, kò léwu mọ́."* Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Táńkì tí epo kún inú rẹ̀ kò ní àyè fún afẹ́fẹ́ púpọ̀. Táńkì òfìfo ló kún fún afẹ́fẹ́ epo, òun ló sì ń bú bí bọ́ǹbù nígbà tí wẹ́dà bá gbé iná dé ibẹ̀. Kò sí àgbàlá tó yẹ kí wọ́n ti jó táńkì. Ẹ̀wẹ̀, ẹni tó bá ń fi láítà, ìṣáná tàbí àbẹ́là wá ibi tí epo ti ń jò nítorí pé NEPA mú iná lọ, ẹ gba láítà náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó béèrè ohun tó ń wá.

*BÍ A ṢE Ń MỌ̀ Ọ́N NÍLÉ*

Kì í ṣe pé kí ẹ sá fún ọkọ̀. Ìwádìí kò le, obìnrin lè ṣe é, ẹni 70 ọdún lè ṣe é. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ti tutù, kó má sí iná nítòsí. Tọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ mú dání, kí ẹ sì ti tàn án kí ẹ tó súnmọ́ ọkọ̀.

1. Lálẹ́, ẹ tẹ́ páálí funfun sábẹ́ ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Láàárọ̀, ẹ wo ibi tó tutù tàbí tó ní àbàwọ́n. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn, táńkì tàbí ẹnu ibi tí wọ́n ń gba epo sí ni kí ẹ fura sí. Bó bá jẹ́ àárín, páìpù tó gbé epo lọ síwájú ni. Bó bá jẹ́ iwájú, họ́ọ̀sì inú ẹ́ńjìnnì ni.

2. Ẹ mọ ohun tó kán. Omi lásán tí kò ní òórùn, lẹ́yìn tí ẹ lo eésì, omi eésì ni, kò léwu. Epo dúdú tó ń yọ̀ lọ́wọ́ jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì. Èyí tó pupa sábà máa ń jẹ́ ti jíà. Omi aláwọ̀ ewé sábà máa ń wá láti rédíétọ̀. Bẹntiróòlù máa ń gbẹ kíákíá, òórùn rẹ̀ a máa gún imú. Ẹ má tọ́ ọ wò, ẹ má sì gbé imú sún mọ́ ọn.

3. Ẹ kíyè sí ìgbà tí òórùn ń jáde. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn tí ẹ ra epo kún táńkì nìkan, ìdérí táńkì tàbí ọrùn rẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ nìkan, ojú ọ̀nà tí pọ́ńpù ń ti epo gbà ló ń jò, èyí sì léwu jù. Bó bá jẹ́ tọ̀sán-tòru, táńkì ni ó ṣeé ṣe kó ti lu.

4. Ẹ wo ojú gééjì epo lálẹ́ àti láàárọ̀. Ọkọ̀ tó sùn kì í jẹ epo.

Ẹ fẹ́ mọ ìdí tó fi ń jò? Họ́ọ̀sì ti gbó, oòrùn àti ooru ẹ́ńjìnnì ti mú un sán. Eku ti jẹ ẹ́. Kílíìpù ti dẹ̀. Kòtò ti gbá ìdí táńkì. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tí à ń rà ló wá láti Amẹ́ríkà àti Kánádà, níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì nígbà yìnyín. Iyọ̀ yẹn ti ń jẹ irin abẹ́ ọkọ̀ kí ọkọ̀ tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Epo fúnra rẹ̀ náà kì í ṣe aláìṣẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, ìjọba jẹ́wọ́ pé epo tí methanol ti pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti wọ Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló sì bà jẹ́. Methanol a máa ba rọ́bà jẹ́.

*ÈYÍ TÓ ṢEÉ TÚN ṢE NÍLÉ ÀTI ÈYÍ TÍ KÒ ṢEÉ FỌWỌ́ KÀN*

Ìdérí táńkì tí rọ́bà rẹ̀ ti sán: ẹ ra òmíràn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ fúnra yín. Họ́ọ̀sì jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ti le gbagidi: ẹ pa jẹnẹrétọ̀, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ ti ẹnu epo rẹ̀ pa, ẹ gbé e kúrò lẹ́bàá ilé, ẹ fi họ́ọ̀sì epo àti kílíìpù tuntun sí i. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọkọ̀ òde òní yàtọ̀ pátápátá. Pọ́ńpù rẹ̀ ń ti epo pẹ̀lú agbára tó ju ti afẹ́fẹ́ inú táyà yín lọ. Bí ẹ bá tilẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì, agbára yẹn ṣì wà nínú páìpù. Ẹni tó bá kàn tú kílíìpù, epo á fọ́n sí i lójú, á fọ́n sára ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Mekáníìkì tó mọṣẹ́ ni yóò kọ́kọ́ yọ agbára náà, yóò tú orí bátìrì, kí ó tó fọwọ́ kàn án. Họ́ọ̀sì tí wọ́n ṣe fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni kó lò, kì í ṣe rọ́bà omi tí wọ́n gé. Ẹ lọ sí Ládìpọ̀, ẹ béèrè họ́ọ̀sì epo, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi hàn yín. Táńkì tí ìpata ti jẹ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ yìí, ìta gbangba ni wọ́n ti ń ṣe é, jìnnà sí ilé, sí sítóòfù, sí ọmọdé.

Báwo ni ọkọ̀ ṣe máa dé ọ̀dọ̀ mekáníìkì? *Ẹ má ṣíná sí i. Ẹ tì í.* Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tì í jáde síta gbangba, kí mekáníìkì wá bá a níbẹ̀, tàbí kí ọkọ̀ mìíràn wá gbé e.

*"OWÓ DÀ?"*

Mo mọ̀ pé ìbéèrè tí ẹ ó bi mí nìyẹn, ìbéèrè gidi sì ni. Kó tó di ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ ní owó ìrànwọ́ epo ti lọ, lítà kan kò tó ₦200. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó súnmọ́ ₦500, kò sì dúró níbẹ̀. Oúnjẹ wọ́n, owó ilé wọ́n. Ta ló fẹ́ ra táńkì? N kò ní fi òṣì bú ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀. Bí epo bá ń kán ẹ̀kán kan péré ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ó súnmọ́ lítà 13 lóṣù kan. Ẹ lo iye tí ẹ ra lítà kan lánàá, ẹ sọ ọ́ di 13. Owó tí ilẹ̀ ń mu nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ìgbà, owó họ́ọ̀sì àti kílíìpù kò tó iye yẹn. Ẹ tún ka oògùn orí fífọ́ àti oògùn ibà tí kì í ṣe ibà mọ́ ọn. Ẹni tó ní òun kò lówó àtúnṣe ń san owó náà lóṣooṣù, ohun ìní rẹ̀ àti ara ọmọ ẹlòmíràn ló fi ń san án.

Àwọn mìíràn á ní: "Ọlọ́run ló ń ṣọ́ wa." Àmín. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa náà ló fún wa ní imú.

Àwọn mìíràn á ní: "Ọkọ̀ mi ni, kò kan ẹnikẹ́ni." Ọkọ̀ jẹ́ tìrẹ lóòótọ́. Afẹ́fẹ́ inú pásèèjì kì í ṣe tìrẹ nìkan.

*OHUN TÍ MÒ Ń BẸ̀ YÍN KÍ Ẹ ṢE*

Ẹ̀yin ìyá ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin àgbà àdúgbò, kì í ṣe mekáníìkì ni yóò fòpin sí èyí. Mekáníìkì á fi ọṣẹ dí i tí onímọ́tò bá ní kó fi ọṣẹ dí i. Ẹ̀yin lẹ ní ẹnu nínú àgbàlá. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní ìpàdé yín tó ń bọ̀, yálà ti ẹgbẹ́ ìyá, ti àjọ tàbí ti onílé, ẹ fi òfin mẹ́rin yìí lélẹ̀:

*Ọkàn:* Ọkọ̀ tàbí jẹnẹrétọ̀ tí epo rẹ̀ ń jò kò gbọdọ̀ sùn nínú àgbàlá, ì báà jẹ́ ti onílé.

*Èjì:* Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú táńkì, fa epo, tàbí jó irin ọkọ̀ nínú àgbàlá.

*Ẹ̀ta:* Kẹ́ẹ̀gì epo kò gbọdọ̀ wọ yàrá tàbí pásèèjì. Epo kò sì gbọdọ̀ wọ ike omi tí ọmọdé lè rò pé ohun mímu ni.

*Ẹ̀rin:* Kí ẹ dá owó díẹ̀díẹ̀ ra ohun ìpaná oníyẹ̀fun kan fún àgbàlá, kí ẹ gbé garawa iyanrìn méjì tì í. Onímọ́tò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀ nínú ọkọ̀. Òfin FRSC nìyẹn, kì í ṣe tèmi.

*BÍ INÁ BÁ WÁ ṢẸ́ (kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́)*

Ẹ má da omi sí iná epo. Epo á léfòó lórí omi, á gbé iná lọ síbòmíràn. Iyanrìn tàbí ohun ìpaná ni kí ẹ lò, bí iná náà bá ṣì kéré. Bó bá ti ju agbára yín lọ, ẹ kó àwọn èèyàn jáde, ẹ pe *112* tàbí *767*, ẹ má padà wọlé nítorí ẹrù.

Ẹni tí iná bá jó, ẹ bọ́ aṣọ tí kò lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, ẹ da omi mímọ́ tó tutù níwọ̀nba sójú ibẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má fi ẹyin sí i, ẹ má fi epo pupa, ọṣẹ ìfọyín tàbí òróró ẹ́ńjìnnì sí i. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn ìjọba ní Gbàgádà ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí iná jó.

Mo ti sọ tèmi. Arábìnrin alákàrà àgbàlá wa ṣì ń dín àkàrà rẹ̀ láràárọ̀, òórùn àkàrà nìkan ló sì ń jí wa báyìí. Ẹni tó ni ọkọ̀ náà bínú sí mi fún oṣù kan. Lẹ́yìn náà ló ra táńkì tòkunbọ̀ kan ní Ládìpọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń wo abẹ́ ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn báyìí. Ìbínú rẹ̀ kò pa mí. Ọṣẹ rẹ̀ ni ìbá pa wá.

Nítorí náà, lóru òní, kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn, ẹ jáde síta, ẹ dúró díẹ̀, ẹ gbóòórùn. Bí ẹ bá gbóòórùn epo, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kékeré ni.

*Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín gbogbo, sí àwọn ọmọ yín tó ń wakọ̀, àti sí mekáníìkì yín. Ọlọ́run kò ní fi iná dán ilé wa wò o. Ìlera lọrọ̀.* 🙏🏾